Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko: Ìtàn Ìpadàbọ̀ Àgbàlagbà tí Ìgbáròkó Rẹ̀ Kán ní Agbègbè Ọbáfẹ́mi

1.0 Ìfáàrà

Bí àgbàlagbà kan bá ṣubú ní balùwẹ̀ ní Mowe tàbí ní Ibafo, tí kò sì lè dìde mọ́, ìbéèrè tí ẹbí rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, níbo ni a ó gbé e lọ? Ìbéèrè kejì kì í tètè wá sọ́kàn: báwo ni yóò ṣe padà sílé? Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu ẹbí náà ni ó ṣe rí nínú àkọsílẹ̀ ìtàn pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ nípa ẹni tó dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ àti ọdún tí ó dá a sílẹ̀; ohun tí wọ́n kọ nípa bí aláìsàn ṣe jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan. Èrò wa ni pé ìpadàbọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀, pé ọwọ́ àwọn obìnrin ilé ni ìtàn náà wà ju ọwọ́ dókítà lọ, àti pé ìyípadà tó dé bá ilé gbígbé ní Ọbáfẹ́mi àti Ifo ń gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ láìfi ohunkóhun rọ́pò rẹ̀.

2.0 Eegun àgbà àti àwọn a-to-eegun

Ìgbáròkó ni ibi tí orí eegun itan ti wọ inú ìbàdí. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, pàápàá lára obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, eegun a máa fúyẹ́, débi pé ìṣubú kékeré láti orí ìdúró lásán lè kán an. Kì í sábàá jẹ́ eegun tó kán náà ni ó ń pa aláìsàn. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ni ó ń fa egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìgbáròkó jẹ́ ọ̀rọ̀ dídìde: ta ni yóò gbé àgbà dìde, níbo, àti lẹ́yìn ọjọ́ mélòó?

Ní ọdún 1991, Adebajo, Cooper àti Evans tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ìgbáròkó kíkán kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bí ó ṣe wọ́pọ̀ ní Bírítéènì. Irú èsì báyìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ojú òpìtàn ni ó yẹ kí á fi wò ó. Ìwé ilé-ìwòsàn kì í ka ẹni tí kò dé ilé-ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí eegun wọn kán nílẹ̀ wa kò sì dé ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ a-to-eegun ni wọ́n lọ.

Oyèbọ́lá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ nípa iṣẹ́ àwọn a-to-eegun Yorùbá fún àwọn oníṣègùn òyìnbó, ní ọdún 1980. Òrí ni wọ́n fi ń wọ́ ara, pẹlẹbẹ ọparun ni wọ́n fi ń di eegun mú, àwọn mìíràn a sì kán ẹsẹ̀ adìyẹ, wọn a dì í bí wọ́n ṣe di ti aláìsàn, kí wọ́n lè fi ìrìn adìyẹ náà mọ ìgbà tó yẹ láti tú ti ènìyàn. A kò gbọdọ̀ bo àléébù iṣẹ́ yìí mọ́lẹ̀. Bí a bá di ọparun náà le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ mọ́, ẹsẹ̀ a sì kú. Ní ti ìgbáròkó, inú ẹran ló wà, ọparun kò lè dì í mú. Ẹsẹ̀ náà sábà máa ń kúrú. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí ilé-ìwòsàn kò ní: ẹbí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Ọwọ́ tó ń se oúnjẹ rẹ̀ ni ọwọ́ tó ń gbé e jókòó.

3.0 Ta ni a kọ́ ilé-ìwòsàn fún?

Ilé-ìwòsàn Sacred Heart tó wà ní Lantoro, Abẹ́òkúta, tí àwọn míṣọ́nárì Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní ọdún 1895, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fadá Coquard ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù lọ. Ọkọ̀ ojú irin tó gba Ifo kọjá láti Èkó sí Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn náà, aláìsàn sì lè yàn bóyá òkè ni òun ń lọ tàbí ìsàlẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni Ìgbóbì wà. Ilé-ìwòsàn eegun tó wà níbẹ̀, tó di ilé-ìwòsàn ní ọdún 1945, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nítorí àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí náà ni iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ṣe kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà. Nígbà tó di ọdún 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ṣágámù dé ní ọdún 1986, tí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Abà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1993.

Kókó tí a fẹ́ fà yọ ni pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ní ipa lórí àṣà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n dá Ìgbóbì sílẹ̀. Ọmọ ogun tó bá kúrò níbẹ̀ ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àgbàlagbà ń padà sínú ilé. Ìwé ìtújáde tó kún tó fún ẹni àkọ́kọ́ kò tó fún ẹni kejì.

4.0 Aro: àpẹẹrẹ tó wà nítòsí

Kò yẹ kí á rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni a ti lè rí àpẹẹrẹ mìíràn. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n T. Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tó ní àrùn ọpọlọ. Dípò kí ó tì wọ́n mọ́ wọ́ọ̀dù, ó fi wọ́n wọ̀ sínú àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, ẹbí aláìsàn kan sì gbọ́dọ̀ bá a gbé ibẹ̀. Àwọn ará abúlé gba owó ilé, aláìsàn gba ìtọ́jú, ẹbí sì kọ́ bí wọn yóò ṣe máa bá ìtọ́jú náà lọ nígbà tí wọ́n bá délé.

Àrùn ọpọlọ kì í ṣe eegun kíkán. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó wà nídìí ètò náà bá ọ̀rọ̀ wa mu: Lámbò ka ẹbí mọ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé ìmọ̀ tó ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kan náà kò rí ọ̀nà wọ wọ́ọ̀dù eegun.

5.0 Ilé tó yí padà

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 ni ó sọ Mowe àti Ibafo di ohun tí wọ́n dà lónìí. Ìletò ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lónìí, àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde ló kún ibẹ̀. Nínú agbo ilé àtijọ́, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ àti àwọn àbúrò kì í jẹ́ kí àgbà dá wà. Nínú ilé àyágbé òde òní, ọmọ ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bá ọkọ̀ Èkó, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí ó tó padà. Àkàsọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, táìsì balùwẹ̀ ń yọ̀, yẹ̀pẹ̀ àti kòtò òpópónà kò sì gba àga onítáyà.

A rí èyí nínú ẹbí tiwa. Nígbà tí ìgbáròkó ìyá ìyá wa kán, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un yọrí sí rere. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-ìwòsàn ní kí á máa gbé e lọ. Kò sí ẹni tó béèrè bí ibùsùn rẹ̀ ṣe ga tó, tàbí bóyá inú ilé ni ilé ìgbẹ́ wà. Káfíńtà àdúgbò ni ó kan àga onípákó tí ó lu ihò sí láàárín fún wa. Àbúrò ìyá wa obìnrin, tó ń ta ata, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù méje. Màmá rìn dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì tún jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò padà bọ̀ sípò. Nínú ìwé ilé-ìwòsàn, a ó kà pé aláìsàn yè. Kò síbi tí a ó ti ka ẹni tó sanwó ìyè náà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ní Hastings, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Michael Devas tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ eegun àti Irvine tó jẹ́ dókítà àgbà pa iṣẹ́ wọn pọ̀ ní àwọn ọdún 1960, kí ìtọ́jú eegun àti ètò ìpadàsílé lè máa rìn pọ̀. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ìgbáròkó wọn kán ní Bírítéènì. Ní tiwa, ilé ìtọ́jú àgbà tó wà ní UCH Ìbàdàn ti ṣí ní ọdún 2012, òfin ìdásílẹ̀ ibùdó àwọn àgbà wáyé ní ọdún 2017, òfin tuntun lórí adójútòfò ìlera sì wáyé ní ọdún 2022. Ìpìlẹ̀ ti wà. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan tẹ̀ lé aláìsàn délé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, kí ó wo àkàsọ̀, ibùsùn àti ilé ìgbẹ́, kí ó sì kọ́ ẹni tí yóò máa gbé e dìde.

Àwa òpìtàn náà ní ojúṣe. Àwọn obìnrin tó gbé ìyá àti bàbá wọn dìde ní Ifo, Mowe àti Ibafo ṣì wà láàyè. Ó yẹ kí á gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ nísinsìnyí. Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó ń mu. Òótọ́ ni òwe yìí, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò fún ọmọ òkété lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń mu ọmú. Ìbéèrè yìí ni a fi sílẹ̀ fún àwọn tí yóò tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ yìí.