Òfin Ń Bẹ Nínú Omi: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ìfagilé Èsì Ìdíje Ìlúwẹ̀ẹ́ àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Olùkọ́ ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní níbi tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ mu gan-an. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tàbí ọ̀sà láti gbádùn ara rẹ̀ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Bó ṣe bọ́ sómi, bó ṣe na ọwọ́, bó ṣe gúnlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje, gbogbo ìwọ̀nyí di ohun tí adájọ́ ń wò. Ó lè yára ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì fagi lé èsì rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi kan ògiri níbi tí òfin ti béèrè ọwọ́ méjì.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ló ń pinnu bóyá èsì yóò dúró tàbí kò ní í dúró: ohun tí òfin sọ, ohun tí ojú adájọ́ tó, àti ohun tí wọ́n ti kọ́ olùdíje kó tó dé etí omi. Ìkẹta yìí ni a máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iṣẹ́ olùkọ́.

Róòmù, 1960: Ojú Adájọ́ àti Aago

Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Róòmù ní ọdún 1960, John Devitt ti Ọsirélíà àti Lance Larson ti Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ fọwọ́ kan ògiri ní òpin ìlúwẹ̀ẹ́ 100 mítà. Àwọn mẹ́ta tó ń ka àkókò Larson rí ìṣẹ́jú-àáyá 55.0, 55.1 àti 55.1. Àwọn mẹ́ta tó ń ka ti Devitt rí 55.2, ohùn wọn sì ṣọ̀kan. Bí a bá fi ti aago ṣe, Larson ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ojú àwọn adájọ́ ni òfin ìgbà náà gbára lé, ohùn àwọn adájọ́ kò sì ṣọ̀kan. Olórí adájọ́ dá Devitt láre, wọ́n sì yí àkókò Larson padà sí 55.2 kí àkọsílẹ̀ lè bá ìdájọ́ mu.

Àríyànjiyàn yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí tí kì í ṣojúsàájú. Nígbà tí Òlíḿpíìkì fi máa wáyé ní Mẹ́síkò ní ọdún 1968, pátákó oníná tí òmùwẹ̀ ń fọwọ́ kàn ti wà lára ògiri láti fúnra rẹ̀ dá aago dúró. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé òfin kì í ṣe òkúta. Bí ó bá ṣi ẹni tó jàre dá lẹ́bi, a lè tún un ṣe.

Sydney, 2000: Ẹni Tí Wọn Kò Kọ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó sún mọ́ wa jù lọ ni ti ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2000, ní Sydney. Àwọn òmùwẹ̀ mẹ́ta ló dúró fún ìpele àkọ́kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ 100 mítà: Karim Bare láti orílẹ̀-èdè Niger tó múlé ti Nàìjíríà, Farkhod Oripov láti Tajikistan, àti Eric Moussambani láti Equatorial Guinea. Ààyè àkànṣe tí wọ́n fi ń fa àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlúwẹ̀ẹ́ kò tíì gbèrú níbẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi wá. Kò tíì pé ọdún kan tí Moussambani, ọmọ ọdún 22, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Adágún hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Màlábò ló ti kọ́ ọ, kò sì fojú kan adágún tó gùn tó 50 mítà rí kó tó dé Sydney.

Kí àmì ìbẹ̀rẹ̀ tó dún, Bare àti Oripov ti bẹ́ sómi. Láyé àtijọ́, òfin máa ń fúnni láǹfààní àtúnṣe. Wọ́n á pe àwọn òmùwẹ̀ padà kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2000, àǹfààní yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n yọ àwọn méjèèjì kúrò lójú ẹsẹ̀. Moussambani nìkan ló lúwẹ̀ẹ́, ó sì fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.72 parí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Pieter van den Hoogenband ti Netherlands ti fi ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 45.35 lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà, ìyẹn ìlọ́po méjì ọ̀nà náà.

Síbẹ̀, èsì Moussambani dúró nínú ìwé. Ti Bare àti Oripov kò sí níbì kankan, nítorí òfin kò béèrè bí wọ́n ṣe lè yára tó. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ ẹni tó pẹ́ jù nínú omi. Ta ló rántí àwọn méjì tí wọ́n rin ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ tí wọn kò sì ní àkókò kankan láti mú padà sílé? Agbára wọn kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n pàdánù, bí kò ṣe ìdúróṣinṣin lórí pèpéle títí àmì yóò fi dún. Ohun tí a fi ń kọ́ni ni àtúnṣe lemọ́lemọ́, kì í ṣe orí ìtàgé àgbáyé ni èèyàn ti ń kọ́ ọ.

London, 2012: Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní London ní ọdún 2012, Cameron van der Burgh ti Gúúsù Áfíríkà gba góòlù nínú 100 mítà ìlúwẹ̀ẹ́ tó dà bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 58.46, tó jẹ́ àkókò tó yára jù lọ lágbàáyé nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin gbà kí òmùwẹ̀ fi ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀ na omi bí ìrù ẹja lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìyípadà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìdíje, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn adájọ́ kò lo àwòrán abẹ́ omi, nítorí náà góòlù náà dúró.

Ẹni tó bẹ́ sómi ṣáájú àmì, gbogbo ojú ló rí i. Ẹni tó rú òfin lábẹ́ omi, ojú kò tó o. Kì í ṣe pé òfin kò dára. Ìmúṣẹ rẹ̀ ni kò dọ́gba, àwọn tí kò ní olùkọ́ ló sì máa ń ṣẹ̀ níbi tó hàn sí gbogbo èèyàn.

Ẹ̀bi Ẹlòmíràn

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi kì í tilẹ̀ ṣe ti olùdíje. Moussambani ti dín àkókò rẹ̀ kù sí ìsàlẹ̀ ìṣẹ́jú-àáyá 57 kí ìdíje Athens ti ọdún 2004 tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà kò jẹ́ kó lọ. Ní ilẹ̀ wa, a rántí oṣù keje ọdún 2021 ní Tokyo, nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn eléré-ìje Nàìjíríà 10 kò yẹ láti díje. Wọn kò sọ pé àwọn wọ̀nyí lo oògùn. Àyẹ̀wò mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀, láàárín oṣù 10, ni òfin béèrè fún olúkúlùkù kó tó díje, iye náà kò sì pé. Ojúṣe àjọ orílẹ̀-èdè ni láti rí i pé ó pé, ṣùgbọ́n eléré-ìje ló jìyà rẹ̀.

Òfin Tó Mọ Ẹni Tó Ń Bá Wí

Àpẹẹrẹ rere kan wà. Àjọ FINA, tó ń jẹ́ World Aquatics báyìí, ní ìdíje fún àgbàlagbà tó ti pé ọdún 25 sókè. Tokyo ni ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ti wáyé ní ọdún 1986. Nínú òfin tiwọn, àgbàlagbà lè bẹ̀rẹ̀ láti orí pèpéle, láti etí adágún, tàbí láti inú omi pẹ̀lú títi ògiri. Síbẹ̀, ẹni tó bá ṣáájú àmì yóò kúrò, ẹni tó bá fi ọwọ́ kan gúnlẹ̀ níbi tó yẹ kó fi méjì yóò pàdánù èsì rẹ̀. Wọ́n rọ òfin níbi tí ara àgbà kò gbà á, wọ́n sì dì í mú níbi tí òdodo wà.

Ìkádìí

Kí ni èyí jẹ́ fún wa? Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò, bí ti Moussambani ni yóò ṣe kọ́ ọ: nínú adágún hòtẹ́ẹ̀lì, láìsí adájọ́, láìsí pèpéle. Olùkọ́ kò lè kọ́ adágún, ṣùgbọ́n ó lè kọ́ni ní òfin. Ó lè fi fèrè kọ́ ọmọ ní ìdúró-dẹ̀mí lórí ilẹ̀ pápá. Ó lè ka òfin sétí wọn ní èdè Yorùbá kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì fagi lé èsì ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ sọ òfin tí onítọ̀hún rú fún un, kí ó fi bí a ṣe ń ṣe é hàn án, kí ó sì jẹ́ kó tún un ṣe níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí wọ́n bá yọ kúrò nínú ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò sì sọ ìdí fún un, ìtìjú nìkan ló mú lọ sílé. Èyí tí wọ́n bá ṣàlàyé fún ti gba ẹ̀kọ́ tí Bare àti Oripov kò rí gbà títí àmì Sydney fi dún.