Òjé Tó Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wọn

Ní oṣù Kejì ọdún 1976, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn tírélà kan jáde sójú títì. Tírélà wọ̀nyí kò ru sìmẹ́ǹtì, wọn kò sì ru epo. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló wà nínú wọn. Láàárín ọdún mẹ́rin, ibi 64 ni wọ́n dé káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ń wọn ènìyàn, wọ́n ń béèrè ohun tí kálukú ń jẹ, wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀. NHANES ni wọ́n ń pe ìwádìí náà, ìpele kejì rẹ̀ sì ni à ń wí yìí. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe aláìsàn o. Wọ́n kàn ṣà wọ́n káàkiri ìlú ni, bí ìgbà tí oníbàárà bá bu ìrẹsì díẹ̀ láti mọ irú èyí tó wà nínú àpò. Ọmọ oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀, arúgbó ẹni ọdún 74 náà wà níbẹ̀.

Ènìyàn 9,933 ni wọ́n wá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ló yí òfin epo bẹntiróòlù padà ní Amẹ́ríkà. Àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, torí a mọ bó ṣe máa ń rí tí gbogbo ọ̀gá bá jókòó tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣe sáfà, tí ẹnì kankan ò sì tíì lọ wo log rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni log ara èèyàn.

Kí ni òjé wá ń wá nínú bẹntiróòlù? Òjé tí àwọn olórìṣà fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ náà ni, òun náà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀. Lọ́dún 1921, Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, rí i pé tí wọ́n bá po èròjà olójé kan mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì tó ń kan kọ̀-kọ̀-kọ̀ yóò dákẹ́, agbára rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Owó ńlá nìyẹn. Lọ́dún 1924, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọpo kan ní New Jersey bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí wèrè, márùn-ún kú nínú wọn. Ìjọba pe ìpàdé ní Washington lọ́dún 1925, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní àwọn ò rí ìdí pàtàkì tí àwọn á fi fòfin dè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe padà sẹ́nu títà.

Fún bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ẹnu dókítà kan ni gbogbo èèyàn ń wò: Robert Kehoe, ẹni tí ilé iṣẹ́ Ethyl tó ń ta èròjà náà gbà síṣẹ́. Ó ní òjé ti wà lára ẹ̀dá láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé ara mọ bó ṣe ń tì í jáde, àti pé tí kò bá ti kọjá 80 µg/dL nínú ẹ̀jẹ̀, kò séwu. (Ẹ gbà wá láyè ká ṣàlàyé ìwọ̀n yẹn. Ẹ pín gíráàmù kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni µg. dL kan sì jẹ́ bí ìdá mẹ́ta ìgò mínírà. Nǹkan tín-ín-rín ni à ń sọ.) Kehoe tiẹ̀ lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ìlú Mẹ́síkò, níbi tí ọkọ̀ ò pọ̀ sí, ó sì bá òjé lára àwọn ará ibẹ̀. Ó wá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ohun àdámọ́ ni. Bẹ́ẹ̀, inú àwo amọ̀ tí wọ́n fi òjé kùn kó lè máa dán ni àwọn èèyàn yẹn ń jẹun.

Ẹni tó já irọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe dókítà rárá. Clair Patterson ni, onímọ̀ nípa òkúta ilẹ̀, tó ń wá bí ayé ṣe dàgbà tó. Òun ló fi òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run ṣírò rẹ̀ pé ayé ti lo bí ọdún bílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó rí ìdáhùn yẹn, gbogbo ohun tó bá wọ̀n ni òjé ti kó wọ̀: omi, eruku, irun orí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní láti fọ làábù rẹ̀ bí ẹni ń fọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ibẹ̀ ló ti bi ara rẹ̀ pé níbo ni gbogbo òjé yìí ti ń wá. Lọ́dún 1965 ó kọ ọ́ síta pé òjé tó wà lára ará Amẹ́ríkà tó bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó jẹ́ ti àdámọ́. Gbogbo èèyàn tí Kehoe ń wọ̀n ló ti mu májèlé náà, kò sí ẹni tó mọ́ tó lè fi wọ́n wé. Ohun tó wọ́pọ̀ ló ń pè ní ohun tó tọ́. Lọ́dún 1966, àwọn méjèèjì sọ tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Òfin kò yí padà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ lé òjé kúrò nínú epo, tí a bá fẹ́ sòótọ́, kì í ṣe àánú ọmọdé. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fọ èéfín mọ́ ìdí ọkọ̀ tuntun, òjé sì máa ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Bí ọkọ̀ tuntun ṣe ń pọ̀ lójú títì ni epo aláìlójé ń pọ̀. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn tírélà wa ń rìn kiri. Kò sẹ́ni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn bọ́ sí i ni.

Ìṣirò tí wọ́n ti ń ṣe láti inú afẹ́fẹ́ sọ pé tí òjé inú epo bá dín kù, ti inú ẹ̀jẹ̀ yóò dín díẹ̀ péré. Nígbà tí àwọn ará àjọ CDC tú ẹ̀jẹ̀ wò, ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Láti 1976 sí 1980, tí a bá pín in dọ́gba lórí gbogbo ènìyàn, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ará Amẹ́ríkà já láti 14.6 sí 9.2 µg/dL, ìyẹn ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ya gíráàfù rẹ̀: ìlà kan fún òjé inú epo tí wọ́n ń tà, ìlà kan fún òjé inú ẹ̀jẹ̀. Ìlà méjèèjì ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀ bí ìbejì.

Àwọn tó ń ta òjé ò gbà. Wọ́n ní bóyá làábù ló ṣì í, bóyá àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́dún kìíní yàtọ̀ sí ti ọdún kẹrin. Ìbéèrè tó dára nìyẹn, àwa náà ì bá bi wọ́n. Àwọn olùwádìí yọ ọjọ́ orí, ẹ̀yà, owó tó ń wọlé, agbègbè àti ìgbà ọdún sọ́tọ̀, síbẹ̀ ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ má gbàgbé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ìjọba Reagan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ń gbèrò láti tú òfin tó dín òjé epo kù sílẹ̀, pàápàá fún àwọn ilé ìfọpo kéékèèké. Nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí àjọ EPA yíjú padà. Wọ́n fún òfin náà le lọ́dún 1982. Lọ́dún 1985, wọ́n gé e láti gíráàmù 1.1 nínú gálọ́ọ̀nù sí 0.5, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní ọdún 1986, ó ku 0.1. Ọdún 1996 ni wọ́n fòfin dè é pátápátá fún ọkọ̀ ojú títì.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn tún sọ ohun mìíràn tí ẹnì kankan ò béèrè. Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ìdá 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló ní 30 µg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun jẹ́ 2.0. Ilé àtijọ́ tí ọ̀dà olójé ń bó lára ògiri rẹ̀, ojú títì tí ọkọ̀ ò dákẹ́ lórí rẹ̀: ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tí wọ́n máa ń rọ́ síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 30 yẹn gan-an kò dúró. Ní àwọn ọdún 1960, 60 ni ààlà tí wọ́n fi ń pe ọmọdé ní ẹni tí òjé ti wọ̀ lára. Ó di 40, ó di 30 lọ́dún 1975, 25 lọ́dún 1985, 10 lọ́dún 1991, 5 lọ́dún 2012, ó sì di 3.5 lọ́dún 2021. Herbert Needleman kópa ńlá nínú èyí. Eyín tó já lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní 2,000 ní Chelsea àti Somerville, ní Massachusetts, ló kó jọ. (Àwa ju tiwa sórí òrùlé.) Lọ́dún 1979 ó fi hàn pé àwọn ọmọ tí òjé pọ̀ jù nínú eyín wọn, tí ara wọn sì le koko, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ.

Tírélà náà ò tíì dúró. Lọ́dún 2001, CDC gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde lórí kẹ́míkà 27 tó wà lára àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìròyìn ọdún 2005 kan 148.

Ilẹ̀ Adúláwọ̀ gúúsù Sàhárà jáwọ́ nínú epo olójé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006. Ṣùgbọ́n òjé ò bá epo lọ. Lọ́dún 2010, ní Dareta àti Yargalma ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọdé ń gan, wọ́n ń kú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú agboolé ni òjé kún inú rẹ̀. Nígbà tí CDC, àwọn oní tírélà yẹn kan náà, bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera débẹ̀, nínú ọmọ 463 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 118 ti kú láàárín ọdún kan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ bí ọmọ 200 tó kù. Ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní 45 µg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ogijo sì wà nítòsí wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù. Lọ́dún 2025, ènìyàn 70 tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò náà fínnúfíndọ̀ gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nínú mẹ́wàá, méje ló ní òjé tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Kò sí tírélà ìjọba kankan tó wá síbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn ló sanwó àyẹ̀wò náà.