Wèrè Ìwé: Ìtàn Thomas Phillipps

 Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá àwọn ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwé mi. Ó wo àwọn pẹpẹ ìwé tó ti kan àjà, ó wo àwọn páálí tó wà nílẹ̀, ó ní, "Bàbá Dáre, ta lẹ fẹ́ kó gbogbo eléyìí fún?" N kò rí èsì fọ̀. Ìtàn ọkùnrin kan tí mo máa ń sọ fún yín ní kíláàsì, tí ẹ máa ń fi rẹ́rìn-ín, ló wá sí mi lọ́kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Sir Thomas Phillipps lorúkọ rẹ̀. Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1792. Bàbá rẹ̀ lówó nídìí òwò aṣọ òwú, ó sì ra ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Middle Hill, pẹ̀lú ilẹ̀ tó pọ̀, ní Worcestershire. Kò gbé ìyá ọmọ náà níyàwó, ṣùgbọ́n Thomas nìkan lọ́mọ tó bí. Nígbà tí bàbá náà kú ní 1818, ó ti so ogún náà mọ́ ìdílé: ọmọ lè máa jẹ èrè orí ilẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ tà á. Bóyá ó ti mọ irú ọmọ tó bí.

Ẹ má rò pé Phillipps nìkan ni nǹkan yìí ń ṣe o. Nígbà yẹn, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń du ìwé àtijọ́ bí ẹni ń du ilẹ̀. Ní 1809, Thomas Frognall Dibdin kọ odindi ìwé lórí àrùn náà, Bibliomania ló sì pe àkọlé rẹ̀. Ní 1812, nígbà tí wọ́n lu ìwé Duke ti Roxburghe ní gbàǹjo, ìwé Boccaccio kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ ní 1471 lọ ní £2,260. Owó yẹn kì í ṣe kékeré láyé ìgbà náà.

Ohun tó mú ti Phillipps yàtọ̀ ni pé ìwé àfọwọ́kọ ló gbà á lọ́kàn jù. Ìyípadà ìjọba ilẹ̀ Faransé àti ogun Napoleon ti tú ìwé inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ká sí ojú ọjà. Awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ń lu wúrà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rà á, àwọn tó ń se gọ́ọ̀mù ń rà á, àwọn télọ̀ ń gé e lò. Phillipps wá pinnu pé òun yóò san owó gọbọi lórí rẹ̀, kí ẹni tó ní in lọ́wọ́ lè mọ̀ pé ohun iyebíye ni. Ó re Hague ní 1824, ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìdílé Meerman bọ̀ wálé. Nígbà tó yá, àfọwọ́kọ ọwọ́ rẹ̀ tó bí 60,000, ìwé títẹ̀ sì tó bí 40,000. Ní 1869, tó ti di arúgbó, ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé òun fẹ́ ní ẹ̀dà kan nínú gbogbo ìwé tó wà láyé. Ẹ gbọ́ ná: gbogbo ìwé tó wà láyé!

Níbo lowó ti ń wá? Àwìn ni. Àwọn òǹtàwé á dúró de owó wọn títí ojú á fi pọ́n wọn. Nílé, páálí ti gba yàrá ìjẹun. Pósí ni àwọn àpótí tó ń kó ìwé sí jọ. Iwájú wọn ń ṣí sílẹ̀, kí wọ́n lè tètè gbé wọn jáde bí iná bá sọ. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1832, ó fi ọmọbìnrin mẹ́ta sílẹ̀. Kàkà kó fi ọwọ́ mú gbèsè díẹ̀díẹ̀, ńṣe ló ń wá ìyàwó mìíràn tí owó orí rẹ̀ á lè tún ra ìwé.

Ní 1842, ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀mọ̀wé kan, James Orchard Halliwell, wá kàwé ní Middle Hill. Òun àti Henrietta, àkọ́bí Phillipps, fẹ́ràn ara wọn. Bàbá kọ̀; wọ́n lọ ṣègbéyàwó láìgba àṣẹ. Títí Phillipps fi kú, kò dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ogún tí bàbá rẹ̀ ṣe ti sọ pé Henrietta ni Middle Hill yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Kí lọkùnrin yìí ṣe? Ó gé àwọn igi ọgbà náà tà, ó jẹ́ kí ilé bàbá rẹ̀ máa wó lọ. Ní 1863, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé lọ sí Thirlestaine House ní Cheltenham. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà lé ní ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ náà sì gba oṣù mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ kejì ráhùn pé ìwé ti lé òun kúrò ní apá kan ilé, eku sì ti lé òun kúrò ní apá kejì.

Ó kú ní 1872. Nínú wíìlì rẹ̀, ó ní Henrietta, ọkọ rẹ̀, àti ọmọ ìjọ Àgùdà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìwé òun. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ta ìwé náà kì í ṣe ọmọ tí a kò kọ́. Thomas FitzRoy Fenwick fi sùúrù tà á láti 1886, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i. Ó ta á fún bí àádọ́ta ọdún. Ní 1887, púpọ̀ nínú àfọwọ́kọ Meerman lọ sí Berlin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òǹtàwé kan ní London fi £100,000 ra ìyókù, àwọn náà sì ń tà á lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ òdodo. Bí kì í bá ṣe ti Phillipps, ọ̀pọ̀ àfọwọ́kọ tí àwọn òpìtàn ń kà lónìí ì bá ti di gọ́ọ̀mù. Ó sì máa ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀mọ̀wé tó bá fẹ́ kàwé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé mìíràn ti wà nígbà náà tó ń tọ́jú ìwé láìwó ilé ọmọ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ìwé kọ́ ló ba Phillipps jẹ́. Pé kò lè rí ohun rere lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó fi í sílẹ̀ ni. Bó ṣe fẹ́ di ìwé mú náà ló fẹ́ di Henrietta mú.

Èmi náà kò mọ́ tónítóní. Ní 1987, àjèjì kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ lu ìwé rẹ̀ ní gbàǹjo. Owó ilé ìwé ọmọ wa obìnrin ló wà lápò mi. Mo fi ra ìwé ìtàn mẹ́rìnlá, inú mi sì ń dùn wálé. Wọ́n lé ọmọ náà wálé lọ́sẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó padà sí kíláàsì, n kò sì bi ẹnikẹ́ni bí owó ṣe dé. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀. Nínú ìwé mẹ́rìnlá yẹn, márùn-ún ni mo ti kà tán.

Nítorí náà, mo ti dá ìyá Dáre lóhùn. Ọmọ wa obìnrin ni yóò kọ́kọ́ wọlé wá ṣa èyí tó wù ú, ìbáà jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó mú àpò dání, kó sì mọ̀ pé bí òun bá kà á tán, ẹlòmíràn ló kàn. Màmá ní àwọn á se ẹ̀bà.