Ìbọn Ọ̀kọ̀ àti Òfin Ẹja ní Florida

Ó ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjọba. Lẹ́yìn ọdún 1930, àwọn olùgbafẹ́ ní etíkun gúúsù Faransé ń fi gíláàsì bojú wọ omi lọ dọdẹ ẹja. Guy Gilpatric, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń gbé lọ́hùn-ún, kọ ìwé The Compleat Goggler nípa rẹ̀ ní 1938. Ní 1943, àwọn ará Faransé méjì, Cousteau àti Gagnan, ṣe ẹ̀rọ ìmí abẹ́ omi, Aqua-Lung. Òmùwẹ̀ tó jẹ́ pé èémí inú àyà rẹ̀ nìkan ló ń ná tẹ́lẹ̀ wá lè lúgọ ti ẹja lẹ́nu ihò.

Goliath grouper wà lára àwọn tí èyí pa lára: gìrìwò ẹja tó lè wọ̀n ju 300 kílò lọ, tí kì í tètè sá fún ènìyàn. Nígbà tó fẹ́ tán nínú omi Florida, wọ́n fòfin de pípa rẹ̀ ní 1990. Wọ́n dẹ òfin náà díẹ̀ ní 2023, ṣùgbọ́n ìwọ̀ nìkan ni wọ́n fàyè gbà. Ó sì bọ́gbọ́n mu: ẹja tó kọ́ ìwọ̀ ṣe é dá padà sómi bí kò bá bá ìwọ̀n mu, èyí tí ọ̀kọ̀ gún, ó tán.

Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kéèyàn gún ẹja láàárín 100 yáàdì sí etíkun táwọn ará ìlú ti ń wẹ̀. Nínú omi tí kò níyọ̀, àtimú ìbọn ọ̀kọ̀ dání lásán gan-an, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní ọgbà John Pennekamp ní Key Largo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, kò sáyè ọ̀kọ̀ rárá. Wọ́n tún fòfin de ọ̀pá tí wọ́n ki ọta ìbọn sí lórí, tó ń bú gbàù bó bá ti kan ara ẹja. Ta ni yóò bá wọn jà sí ìyẹn?

Ẹja lionfish ló yí nǹkan padà. Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì ni ilé rẹ̀. Wọ́n rí i létí Florida ní 1985. Ẹ̀gún rẹ̀ lóró, ó ń jẹ ọmọ ẹja yòókù, kì í sì í sábà jẹ ìwọ̀. Ìjọba wá ní kí wọ́n máa pa á láìníye. Ẹni tó bá lo ọ̀kọ̀ ọwọ́ onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń fà bíi kànnàkànnà, kò nílò ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá gbé ìbọn ọ̀kọ̀ wá torí ẹja kan náà ṣì gbọ́dọ̀ gbà á.