Ogún fún Yunifásítì: Láti Freetown dé Longbridge Road

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ogún nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ méjì ni mo sábà máa ń kọ sára pátákó: ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ìdí-igi ni kí a pín ogún bàbá sí iye ìyàwó tó bímọ fún un. Orí-ò-jorí ni kí a pín in sí iye ọmọ. Nínú méjèèjì, ẹbí ló ń jogún. Ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú ìpín. Síbẹ̀, láti ayé Ọbabìnrin Victoria ni àwọn ọmọ Áfíríkà kan ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, wíìlì tí ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí yín, pé kí wọ́n mú lára owó àwọn fún ẹ̀kọ́ gíga.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọ Barking àti Dagenham gan-an. London County Council ló kọ́ àwọn ilé Becontree láàárín 1921 sí 1935 fún àwọn òṣìṣẹ́. Láti 1980 ni òfin ti gba ayálégbé ìjọba láyè láti ra ilé tó ń gbé, lẹ́yìn náà ni àwọn ìdílé Yorùbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà níbẹ̀. Ilé kékeré ni, àmọ́ iye tó ń lọ lónìí kì í ṣe kékeré. Àwọn òbí kan ti ń béèrè báyìí pé, "Ṣé mo lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún yunifásítì? Èwo?" Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tó ṣe é ṣáájú wa.

Dókítà James Africanus Horton ni mo fẹ́ fi ṣe àkọ́kọ́. Wọ́n bí i ní Sierra Leone ní 1835. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú ni bàbá rẹ̀. Ó kàwé ní King's College níbí ní London, ó sì gba oyè dókítà ní Edinburgh ní 1859. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1868, ó sọ pé ó yẹ kí Áfíríkà Ìwọ̀-Oòrùn ní yunifásítì tirẹ̀. Nígbà tó kú ní 1883, ó fẹ́ kí apá ńlá nínú ọrọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹbí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ sì jẹ owó náà tán. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ò jáde sáyé.

Ẹnì kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sierra Leone ni wọ́n bí Dókítà John Randle sí ní 1855, ṣùgbọ́n Yorùbá láti agbègbè Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ apògùn ní Gold Coast, tó di Gánà lónìí, kó tó lọ sí Edinburgh, tó sì gboyè dókítà ní 1888. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí owó oṣù, torí pé tàwọn dókítà òyìnbó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ẹ ó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Oníkan: òun ló kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí ìjọba amúnisìn kò kọ́ fún ará ìlú. Lórí ilẹ̀ yẹn ni John Randle Centre fún àṣà àti ìtàn Yorùbá wà báyìí.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí ni pé nígbà tó kú ní 1928, ó fi owó sílẹ̀ fún kíkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní Fourah Bay College, ní Freetown. Ṣé yunifásítì ìwádìí ni Fourah Bay nígbà náà? Rárá o. CMS ló dá a sílẹ̀ ní 1827, Samuel Ajayi Crowther sì ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Láti 1876, Yunifásítì Durham ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní oyè, ẹ̀kọ́ Bíbélì, Látìn àti Gíríìkì ló sì gbilẹ̀. Edinburgh ló fún Randle lóyè, àmọ́ ohun tí Freetown ò ní ló wò. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà: ó yan ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà, tó ní àwọn alákòóso tó lè gba owó, ó sì dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ilé tí kò tíì sí ni Horton fẹ́ fi owó kọ́ lẹ́yìn ikú. Ta ni yóò wá bá a jà fún un?

Ti Henry Carr tún yàtọ̀. Ọmọ Èkó ni, Fourah Bay ló ti gboyè ní 1882. Ìwé ló fi ayé rẹ̀ kó jọ, nǹkan bíi 18,000. Nígbà tó kú ní 1945, ìjọba ra ìwé wọ̀nyẹn, wọ́n sì di ìpìlẹ̀ ilé ìkàwé University College, Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Ẹ kíyè sí i: rírà ni wọ́n rà á, kì í ṣe ogún. Yunifásítì London ló ń fún àwọn ọmọ Ìbàdàn lóyè títí di 1962.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sí Barking. Ẹ mọ ilé alábíríkì ńlá tó wà ní Longbridge Road, àbí? Ní 1936 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí South East Essex Technical College. Ní 1970 ó di ara North East London Polytechnic. Ní 1992 ilé ẹ̀kọ́ yẹn di University of East London. Ní 2006 yunifásítì náà kó kúrò níbẹ̀. Ibùgbé ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní 2017, Coventry University ṣí ẹ̀ka sí Civic Centre àtijọ́ ní Dagenham. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ ní 1950 pé "kí wọ́n fún South East Essex Technical College" ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún lọ́yà. Nílé náà, Yunifásítì Ifẹ̀ di Obafemi Awolowo University ní 1987; wọ́n tilẹ̀ fẹ́ yí orúkọ UNILAG padà ní 2012, àmọ́ orúkọ àtijọ́ ló borí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà àbáyọ kan tí wọ́n ń pè ní cy-près (ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ ni): bí ilé ẹ̀kọ́ náà kò bá sí mọ́, a lè darí owó náà sí iṣẹ́ tó sún mọ́ ohun tí olóògbé ní lọ́kàn. Ó sàn kí ẹ kọ ọ́ sínú wíìlì pé "tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó bá rọ́pò rẹ̀".

Ọ̀rọ̀ owó orí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun ìní tó bá ju £325,000 lọ lè fa owó orí ogún ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àfikún wà fún ilé tó ń lọ sọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí a bá fi sílẹ̀ fún yunifásítì ní Ìlú Ọba kò ní owó orí. Láti 2012, ẹni tó bá fi ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ohun ìní tí owó orí kàn sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ àánú bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́rìndínlógójì ni wọn yóò gbà lórí ìyókù. Àmọ́ ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ tààrà sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ kò ní àǹfààní yìí; àfi tó bá gba ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí. Ó dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni owó náà ti wúlò jù.

Ẹlẹ́rìí méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí wíìlì, wọn ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń jogún níbẹ̀. Kí ẹ sì bá ẹbí sọ̀rọ̀ kó tó di ẹjọ́. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbí ṣèdájọ́ láàárín ọmọ obìnrin kan àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ìyá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún. £50,000 ni ọmọ náà rí gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ẹjọ́.

Fún ẹ̀yin tó ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí: gbogbo wíìlì tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí ní England àti Wales láti 1858 ni ará ìlú lè béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wá orúkọ àwọn ará Èkó àti Freetown tó ní ohun ìní níbí, kí ẹ wo ẹni tí wọ́n rántí lẹ́yìn ẹbí.