Etí Òkun Máhìn àti Òfin Àwọn Orílẹ̀-Èdè

Bí a bá dárúkọ Ọ̀rẹ̀ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ogun abẹ́lé ọdún 1967 ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn, nítorí ogun náà ni ó bí gbólóhùn tí tọmọdé tàgbà mọ̀, pé, 'Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.' Àwọn mìíràn sì mọ ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ibi tí èrò ọkọ̀ ti ń sọ̀ láti jẹun lójú ọ̀nà Èkó sí Bìní. Ṣùgbọ́n kí ogun yìí tó jà, kí a tó da ọ̀dà sí ojú ọ̀nà náà, ilẹ̀ igbó tí Ọ̀rẹ̀, Odígbó àti Omifúnfun wà nínú rẹ̀ ti wà láàrin ìlú òkè àti òkun, àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjọba òkè òkun sì ti bá ara wọn du ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní Omifúnfun kò lè gbọ́ ìró ìgbì. Orúkọ omi ni ibẹ̀ ń jẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ igbó àti oko ni. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní etí òkun Máhìn, ní apá gúúsù, ní ọdún 1885, kan agbègbè náà gbọ̀ngbọ̀n. Ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí òfin àwọn orílẹ̀-èdè ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, àti irú ojú tí òfin náà fi wo àwọn ọba tí ó bá níbẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni a lè fi ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn náà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ògún ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1863, Palma àti Lẹ́kí tún bọ́ sí ọwọ́ ìjọba kan náà. Láti ìgbà náà, owó ibodè ni ìjọba Èkó fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀: owó tí a ń gbà lórí ọtí, tábà, ẹ̀tù àti àwọn ọjà mìíràn tí ọkọ̀ ń já sí èbúté. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ni ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí òkè, nígbà tí wọ́n bá sì ti í, epo pupa kì í sọ̀ kalẹ̀, ọjà òyìnbó kì í sì í gòkè. Nítorí náà ni Gómìnà Glover ṣe wá ọ̀nà mìíràn ní apá ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1872, ó rán Ọ̀gágun Goldsworthy lọ sí Oǹdó láti parí ìjà abẹ́lé tí ó ti tú Òde Oǹdó ká, kí ìlú lè padà sí ipò rẹ̀, kí ọ̀nà sì là.

Bí ọ̀nà Oǹdó ṣe rí nìyí. Ọkọ̀ yóò gba orí ọ̀sà láti Èkó dé ilẹ̀ Ìlàjẹ, yóò sì wọ inú odò Olúwa. Láti ibi tí omi bá parí sí, àwọn aláàárù yóò gbé ẹrù la igbó kọjá lọ sí Òde Oǹdó, kí ẹrù tó dé Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ìlẹ̀kẹ̀, aṣọ, iyọ̀ àti ìbọn ń gòkè; epo àti ekùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà yìí kan náà ni àlùfáà Charles Phillips wà ní ìdí rẹ̀ ní Òde Oǹdó láti ọdún 1877. Nígbà tí ogun Kírìjì sì gbóná, ọ̀nà yìí ni àwọn ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Èkó ń fi ránṣẹ́ gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀. Ẹni tí ó bá di ẹnu ọ̀nà náà mú létí òkun, ó di ọrùn ìlú òkè mú.

Ta ni ó ni ẹnu ọ̀nà náà? Ní ìgbà náà, agbára ìjọba Èkó ní etí òkun kò tíì kọjá ìhà Lẹ́kí. Níwájú ibẹ̀, ilẹ̀ Máhìn ni, Amapetu sì ni ọba rẹ̀. Oníṣòwò ará Jámánì kan, G. L. Gaiser ti ìlú Hamburg, tí ó ní ilé iṣẹ́ ní Èkó, kíyèsí èyí. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè já ẹrù sí etí òkun Máhìn, ẹrù náà yóò bọ́ sí ọ̀nà Oǹdó láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn oníbodè Èkó. Ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 1885, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá Amapetu ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ etí òkun náà. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, ẹni tí ó ti ta àsíá Jámánì ní Tógò àti Kamẹrúùnù ní oṣù Agẹmọ ọdún 1884, bá ọba náà ṣe àdéhùn ààbò. Oṣù kan lẹ́yìn èyí, Nachtigal kú sí orí omi bí ó ti ń padà lọ sílé.

Láàrin àkókò yìí gan-an ni àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Berlin, láti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Bélú ọdún 1884 títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Èrèlé ọdún 1885. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ìparí ìpàdé ní abala méjì tí ó kan etí òkun. Abala kẹrìnlélọ́gbọ̀n wí pé ìjọba tí ó bá gba ilẹ̀ tuntun ní etí òkun Áfíríkà gbọ́dọ̀ fi tó àwọn ìjọba yòókù létí, kí wọ́n lè sọ bí wọ́n bá ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Abala karùndínlógójì wí pé ó gbọ́dọ̀ fi àṣẹ múlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí abala kan tí ó wí pé kí a fi tó ọba ilẹ̀ náà létí. Kasson, aṣojú Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé ó yẹ kí ìfẹ́ àwọn onílẹ̀ fúnra wọn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìpàdé kò sọ àbá rẹ̀ di òfin. Kò sí ọba Áfíríkà kankan nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn àgbà wa wí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí; ní Berlin, orí ni a fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ, olórí kò sì sí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ọba Yorùbá kò mọ ohun tí àdéhùn jẹ́. Wọ́n ní ìlànà tí ìlú fi ń bá ìlú lò. Ìránṣẹ́ ọba kò ṣe é fọwọ́ kàn, àrokò ń gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí ẹnu kò lè dé, ìmùlẹ̀ sì ń so ẹni tí ó bá mu ún àti àwọn ará ilé rẹ̀ pọ̀. Nípa ilẹ̀, ìlànà wọn kò ṣókùnkùn. Àlejò lè gba ilẹ̀ láti dáko tàbí láti kọ́lé. Ó lè máa san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀, nítorí ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè àti ti àwọn tí a kò tíì bí ni. Ìlànà yìí àti ìwé àwọn òyìnbó pàdé lórí tábìlì kan, ṣùgbọ́n ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń sọ. Nínú ìwé, ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e yára. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà kí Jámánì jókòó sí ìdí ọ̀nà Oǹdó, Bismarck náà kò sì fẹ́ tìtorí iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ Máhìn ba ohun tí ó tóbi jù jẹ́. Láàrin oṣù Igbe àti oṣù Òkúdù ọdún 1885, àwọn méjèèjì kọ ìwé sí ara wọn, wọ́n sì fi Rio del Rey pààlà: Jámánì kò ní gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, Amapetu fọwọ́ sí ìwé mìíràn tí ó fi Máhìn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọdún kan tó yí po, ilẹ̀ kan ti gba ọwọ́ oníṣòwò, ọwọ́ Jámánì àti ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ọba rẹ̀ kò sì kúrò lórí ìtẹ́. Ìbọn kò dún. Ọ̀nà Oǹdó bọ́ sí abẹ́ àwọn oníbodè Èkó láti etí òkun.

Ìbéèrè tí ìtàn yìí fi sílẹ̀ ni pé, kí ni ìwúlò ìbuwọ́lùwé ọba nínú òfin àwọn orílẹ̀-èdè? Lẹ́ẹ̀kan, ìdáhùn rere jáde. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá. Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre: ìwé ọdún 1861 gbé àṣẹ ìjọba fún òyìnbó, ṣùgbọ́n kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ìlànà àwọn baba ńlá wa ni ilé-ẹjọ́ náà tẹ́tí sí, nítorí pé onílẹ̀ fúnra rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò tí ó jọ ti etí òkun yòókù. Ní ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì tún pààlà, wọ́n sì fi Bakassi sí ìhà Kamẹrúùnù. Nígbà tí Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní ọdún 1994, Nàìjíríà jiyàn pé ààbò ni àwọn ọba Calabar gbà, wọn kò fi ilẹ̀ tọrẹ. Ẹni tí kò ni nǹkan kò sì lè fi í fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ nínú ọ̀ràn Sàhárà ti Ìwọ̀-Oòrùn pé ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé, tí ó sì ní olórí, kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olówó. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2002, ó dájọ́ pé àdéhùn ọdún 1884 kò sọ Calabar di orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ ààbò, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ní agbára láti pààlà náà ní ọdún 1913. Adájọ́ 13 fara mọ́ ọn pé Kamẹrúùnù ni ó ni Bakassi. Àwọn 3 kò fara mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Yorùbá, tí Nàìjíríà yàn sí ìdí ẹjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ògún ọdún 2008, Nàìjíríà parí gbígbé Bakassi fún Kamẹrúùnù. Bí a bá fi ẹjọ́ yìí wo Máhìn, ọ̀rọ̀ náà yéni: ọwọ́ ọba tó láti fi ilẹ̀ fúnni, kò tó láti fi gbà á padà.

Ní ọdún 2002 yìí kan náà, irú ìbéèrè yìí dìde nínú ilé. Ìjọba àpapọ̀ pe àwọn ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́ láti mọ ibi tí ààlà àwọn mẹ́jọ tí ó wà létí òkun dé. Oǹdó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Igbe, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ààlà náà parí síbi tí omi òkun ń fà sí nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn jù lọ. Epo tí ó wà níwájú ibẹ̀ kò sí nínú èyí tí ìpínlẹ̀ lè gba ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí gẹ́gẹ́ bí orísun. Ẹkún pọ̀. Ní ọdún 2004, ìjọba ṣe òfin tí ó na ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ náà dé ibi tí omi jìn tó 200 mítà. Owó tí ó ń ti ibẹ̀ wá wà lára ohun tí ilé-ìwé àti ọ̀nà oko ní Odígbó àti Omifúnfun ń retí. Ẹni tí kò rí òkun rí náà ní ìpín nínú rẹ̀.

Bí a ti rí àpẹẹrẹ àìsíníbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a rí àpẹẹrẹ ìjùmọ̀sọ. Òfin Òkun ti Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1982, fún orílẹ̀-èdè etí òkun ní 200 máìlì ojú òkun fún ẹja àti ohun àlùmọ́nì. Nígbà tí ti Nàìjíríà àti ti São Tomé gun ara wọn, wọn kò lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2001, wọ́n ṣe àdéhùn láti jùmọ̀ máa lo agbègbè náà, kí Nàìjíríà máa mú ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí São Tomé sì máa mú 40. Àdéhùn náà ní ìṣòro tirẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ni omi ni ó jókòó pín in.

Ọ̀ràn kan kù tí ó ń fẹ́ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Òfin Òkun wí pé láti ilà tí omi ń fà sí ní etí ilẹ̀ ni a ti ń ka gbogbo máìlì náà. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ilà náà kò dúró sójú kan. Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìjùmọ̀ní rẹ̀ kàn káàkiri nígbà kan, ni òkun ti ń jẹ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ilé, ilé-ìwé àti ibojì ti bá omi lọ. Ní ọdún 1885, ìwé ni ó mú etí òkun kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní àkókò yìí, ìgbì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn onímọ̀ òfin àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ni yóò sọ ibi tí a ó fa ilà sí, ibi tí a ó mọ odi sí àti ibi tí àwọn tí omi lé yóò gbé. Bí àwọn ará Ayétòrò kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ọ́, a tún ti fá orí lẹ́yìn olórí.