Ìgbà Mélòó Ni Okùn Yí? Ìtàn Púlì Lára Kiréènì

Bí kiréènì bá gbé òpó kọnkéré sókè lójú gbogbo ayé ní Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta, ẹ́ńjìnnì ni àwọn èrò ìwòran máa ń yìn. Wọn á ní irin náà lágbára. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wo okùn wáyà tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí apá kiréènì, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tó lọ tó bọ̀ láàárín púlì òkè àti púlì tó wà lára ìkọ́. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìdí agbára náà wà. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ìtàn kiréènì, láti ayé àwọn Gíríìkì títí di òní tí afárá òkè wà ní Abẹ́òkúta, ju ìtàn ẹ́ńjìnnì tó ń lágbára sí i lọ. Ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti máa yí ètò púlì padà ni, kí okùn kan náà àti agbára kan náà lè gbé ẹrù tó fúyẹ́ lónìí, kó sì gbé èyí tó wúwo lọ́la. Iṣẹ́ òye ni, àwa kò sì tíì kà á sí bó ṣe yẹ.

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Bí okùn bá gba orí púlì kan ṣoṣo lókè, gbogbo ìwúwo ẹrù ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á; èrè tó jẹ kò ju pé ó ń fà á wá sílẹ̀ dípò kó máa gbé e lọ sókè. Ṣùgbọ́n bí a bá so púlì kejì mọ́ ẹrù, tí okùn gba abẹ́ rẹ̀ padà sókè, okùn méjì ló ń ru ẹrù náà, ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń rù. Bí okùn bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ẹ̀gbá, nítorí Àárọ̀ ni Lísàbí fi kó àwọn baba ńlá wọn jọ: iṣẹ́ tó ju agbára ẹnì kan lọ, wọn a pín in, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bá ṣe lónìí gbọ́dọ̀ san ọjọ́ náà padà. Púlì náà ń gba ẹ̀san. Okùn ìlọ́po mẹ́rin ń gbé ẹrù ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ eré ìkọ́ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí dúrọ́ọ̀mù bá ń ká okùn mítà 60 ní ìṣẹ́jú kan, mítà 15 péré ni ẹrù yóò gùn. Bí ilé bá sì ga ní mítà 40, okùn tó máa wà láàárín òkè àti ilẹ̀ kò ní í dín ní mítà 160. Àkókò àti gígùn okùn la fi ń ra agbára, ẹni tó sì lè yan iye tó fẹ́ san ló ni ẹ̀rọ náà ní tòótọ́.

Àwọn Gíríìkì ti mọ èyí kí wọ́n tó bí Jésù. Plutarch kọ ọ́ pé Archimedes, ọmọ Syracuse, jókòó síbì kan, ó sì fi okùn àti púlì fa ọkọ̀ ojú omi tó kún fún èrò àti ẹrù sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìtàn náà lè ti ní àfikún, nítorí ó tó nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn ikú Archimedes kí Plutarch tó kọ ọ́. Èyí tó dá mi lójú jù ni ìwé Vitruvius ará Róòmù, ẹni tó ṣàlàyé kiréènì onípúlì mẹ́ta, tó ṣàlàyé onípúlì márùn-ún, tó sì dé orí èyí tí púlì rẹ̀ wà ní ẹsẹẹsẹ. Nípa ọ̀kan nínú wọn, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n àwọn tó mọṣẹ́ nìkan ló lè lò ó. Nígbà tí kò sí ẹ́ńjìnnì kankan láyé, wọ́n ti mọ̀ pé bí okùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òye tó yẹ kó wà nídìí rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní 1586, Domenico Fontana gbé òpó òkúta Íjíbítì kan tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 300 lọ dúró níwájú Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Róòmù. Ó kó nǹkan bí 900 ènìyàn, ẹṣin tó ju 70 lọ àti ẹ̀rọ ìkákùn 40 síbẹ̀. Ẹni tó bá ka orí ènìyàn nìkan yóò ní agbára ló ṣe é, àmọ́ púlì ló pín ìwúwo òkúta kan ṣoṣo fún ogójì ẹ̀rọ náà, fèrè ló sì ń pàṣẹ kí wọ́n fà, tí agogo ń pàṣẹ kí wọ́n dúró, kí okùn kan má baà gbé ju ìpín tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi ló di ilé ẹ̀kọ́ púlì. Láàárín 1803 sí 1808, Marc Brunel àti Henry Maudslay to ẹ̀rọ 45 sí Portsmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa ṣe púlì onígi fún ọkọ̀ ogun ọba. Nígbà tó di 1808, ilé iṣẹ́ náà ń ṣe 130,000 lọ́dún, òṣìṣẹ́ 10 sì ń ṣe iṣẹ́ tí 110 ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní 1834, Wilhelm Albert ṣe okùn wáyà fún ibi ìwakùsà ní Clausthal ní Jámánì, láti ìgbà náà sì ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti lè ru ohun tí okùn igbó tó nípọn kò lè rù. William Armstrong ló wá fi hàn ní Newcastle ní 1846 pé a lè ka ìlànà púlì láti ẹ̀yìn wá. Omi tó ní agbára púpọ̀ ló fi ń ti irin kan, ṣùgbọ́n ibi tí irin náà lè rìn dé kò jìnnà. Armstrong kò wá irin tó gùn sí i. Ó yí okùn mọ́ púlì ní òdìkejì bí a ṣe ń ṣe é, kí irin náà rìn díẹ̀, kí ẹrù sì rìn púpọ̀: agbára ló ná, ìrìn ló rà. Kò sí ẹ̀rí tó tún ju èyí lọ pé ètò okùn ni olórí ọ̀rọ̀ nínú kiréènì. Agbára omi náà wà bó ṣe wà. Bí okùn ṣe yí ló sọ ọ́ di kiréènì tó wúlò.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹnu ọ̀sà Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba. Iyanrìn kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, èbúté Forcados ni wọ́n sì ti ń já ẹrù Èkó sínú ọkọ̀ kéékèèké. Ọdún 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sí ẹnu ọ̀sà, ó sì di 1914 kí ọkọ̀ òkun tó ń wọ inú Èkó gan-an. Nínú iṣẹ́ jíjá ẹrù bẹ́ẹ̀, okùn kan ṣoṣo ni àwọn atukọ̀ fi ń gbé àpò èkùrọ́ àti òwú, nítorí eré ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ̀rọ wúwo bá délẹ̀, wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń ká okùn. Púlì ni wọ́n ń fi kún un. Abẹ́òkúta kò sí níta ìtàn yìí. Odò Ògùn ni ọkọ̀ ń gbà dé Àró, ọ̀nà yìí sì ṣe pàtàkì nígbà tí Thomas Clegg ará Manchester ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró lára òwú ránṣẹ́ sí àwọn Ẹ̀gbá, àti nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Irin kò ṣeé pín bí iṣu. Ohun tí púlì bá lè gbé kúrò nínú ọkọ̀ láìfọ́ nìkan ló lè dé Aké ní Abẹ́òkúta, kó tó di pé reluwé Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901.

Ṣùgbọ́n púlì tí ọ̀pọ̀ jù nínú wa ti fojú rí ni ṣéènì bulọ́ọ̀kù tí àwọn mẹkáníìkì ń so kọ́ orí ẹsẹ̀ páìpù mẹ́ta láti yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọwọ́ Thomas Aldridge Weston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti jáde ní 1854. Ó so púlì méjì tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba pọ̀ lókè kí wọ́n jọ máa yí, ó sì fi ṣéènì kan tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò lópin gba ara méjèèjì àti púlì ìsàlẹ̀. Bí ńlá bá ń ká ṣéènì, kékeré ń tú u. Ìdajì ìyàtọ̀ àárín wọn ni ẹrù fi ń gòkè. Bí ńlá bá ní eyín 10 tí kékeré ní 9, agbára ọwọ́ di ìlọ́po 20, ká tó yọ èyí tí irin tó ń ha irin ń jẹ. Ìhara yẹn pọ̀ débi pé bí ènìyàn bá jọ̀wọ́ ṣéènì, ẹrù kì í já bọ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń sá fún ni Weston sọ di ààbò. Èyí tó pọ̀ lọ́jà báyìí ti ń lo jíà àti bíréèkì, àmọ́ èrò náà kò yí padà: ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè dá gbé ẹ́ńjìnnì tó wúwo ju òun lọ, láìsí iná mànàmáná, bó bá gbà láti fa ṣéènì gígùn fún ẹrù tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n lè sọ fún mi pé ìtàn àtijọ́ nìyẹn, pé kiréènì òde òní ní háídíróọ́líìkì àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò gbogbo rẹ̀. Mo gbà pé wọ́n ní in. Àmọ́ apá tó ń gùn jáde ni háídíróọ́líìkì ń tì. Okùn àti púlì ló ṣì ń gbé ẹrù. Kọ̀ǹpútà náà kò mọ iye ìgbà tí okùn yí, àfi bí ẹni tó ń wa kiréènì bá sọ fún un. Bí okùn bá wà ní ìlọ́po méjì tí ó sì tẹ mẹ́rin, ẹ̀rọ náà yóò máa fi ọkàn balẹ̀ nígbà tí okùn ń gbé ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó gbé. Kiréènì onílé ìṣọ́ tí a fi ń kọ́ ilé gíga náà kò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣeé lò ní ìlọ́po méjì fún eré, àti ní ìlọ́po mẹ́rin fún ìwúwo, ìyípadà yẹn sì jẹ́ ara ohun tí a fi ra ẹ̀rọ náà. Lórí kiréènì alágbèéká, rígà, ẹni tó ń to okùn kiréènì, ló ń fi ọwọ́ tún okùn yí. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí iye okùn bá jẹ́ méjì, mẹ́rin tàbí mẹ́fà, orí apá kiréènì ni wọ́n ń de ìpẹ̀kun okùn mọ́. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ara ìkọ́ ni. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí okùn ha ara wọn láàárín púlì. Ibi tí wọ́n há ìpẹ̀kun mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí okùn tó ń gbé ẹrù nà tààrà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá a ṣe ìwọ̀nyí.

Àtakò kejì ṣòro ju èyí lọ, nítorí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni wọ́n ń sọ ọ́: pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú yí okùn ní ìlọ́po tó pọ̀ jù lọ, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Púlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ díẹ̀ nínú agbára, nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún bí bẹ́rìnì rẹ̀ bá dára, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ bí kò bá dára. Ká ní okùn kan lè fa tọ́ọ̀nù 3, tí ẹrù sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 12. Lórí ìwé, ìlọ́po mẹ́rin ti tó. Lójú iṣẹ́, ó di márùn-ún. Bí okùn bá pọ̀ jù, ìkọ́ tó ṣófo kò ní í wúwo tó láti fa ara rẹ̀ wálẹ̀, okùn yóò sì dẹ̀ lórí dúrọ́ọ̀mù. Okùn tún lè tán lórí dúrọ́ọ̀mù kí ìkọ́ tó kanlẹ̀. Èyí tó léwu jù ni pé púlì kò fi ohunkóhun kún ẹsẹ̀ kiréènì: bí apá bá nà jìnnà, kiréènì lè ṣubú nígbà tí okùn kò tíì gbé ìdajì agbára rẹ̀. Nítorí náà, yíyí ètò púlì padà ní gbogbo ìgbà tí ẹrù bá yí padà ni iṣẹ́ tó dára, kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí ìfàkókòṣòfò.

Àwọn afárá òkè tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí Abẹ́òkúta nígbà Gómìnà Ibikunle Amosun, láàárín 2011 sí 2019, àti ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tí iléeṣẹ́ CCECC kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè fi orí ru irin àti kọnkéré rẹ̀. Iṣẹ́ báwọ̀nyí yóò máa wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Òfin Iléeṣẹ́ ti 1987 ní Nàìjíríà pa á láṣẹ pé kí ẹni tó mọṣẹ́ máa yẹ okùn, ṣéènì àti ohun ìgbẹ́rù wò lóòrèkóòrè, kí a sì kọ ìwúwo tí wọ́n lè gbé sára wọn. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n àwọn tó máa mú un ṣẹ la kò tíì kọ́ tó. Mo rọ àwọn tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ní Abẹ́òkúta, àti Moshood Abiola Polytechnic, kí wọ́n so okùn àti púlì kọ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ yí i láti ìlọ́po méjì sí márùn-ún, kó ṣírò rẹ̀, kó sì gbé ẹrù gidi. Mo sì bẹ àwọn agbaṣẹ́ṣe pé kí wọ́n kọ iye okùn tó ń gbé ẹrù sí ara kiréènì ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní lẹ́tà tó tóbi tó láti kà láti ilẹ̀, ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbọ́.